Ẹ̀kọ́ ilé kò ní kí ẹ panu mọ́ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ àwa ọmọ Yorùbá dàgbà ní Thamesmead North, àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ló ń gbọ́. Bí màmá bá ń bá wa wí, ilẹ̀ là ń wò. Bí àlejò bá dé, a ó kúnlẹ̀ tàbí ká dọ̀bálẹ̀, a ó gbé omi fún wọn, a ó sì padà sí yàrá wa. “Ṣé èmi lò ń bá jiyàn?” Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìgbà tí a pé ọmọ ọdún 17 ni yunifásítì kọ̀wé pé kí a wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó tó bàbá wa lọ́jọ́ orí wò wá lójú, ó ní òun kò gbà pẹ̀lú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, kí la rí sí i? A ní, “Ẹ tọ̀nà, sà,” a sì dákẹ́. Kì í ṣe pé a kò mọ̀wé. A kàn rò pé àfojúdi ni kí ọmọdé ta ko àgbà.

Ohun tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń múra báyìí: ẹ̀kọ́ ilé kọ́ ló fà á. Ìdajì rẹ̀ la kọ́.

Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn náà ló la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà: yóò ní “tótó, ó ṣe bí òwe,” àgbà á sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ọmọdé lè sọ èrò ọkàn rẹ̀, bó bá ti fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ẹ lè ní ẹ gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ fi rò ó lọ́nà mìíràn rèé. Kò sí àfojúdi kankan nínú ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fún ọ̀pọ̀, fọ́ọ̀mù UCAS ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Oxford tàbí Cambridge, tàbí tó fẹ́ di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kó múra sílẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni fọ́ọ̀mù Oxford, Cambridge àti ti ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ti wọlé. Oṣù Kejìlá ni Oxford ń ṣe tirẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní MMI: ẹ ó máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan lè bi yín ní ìdí tí ẹ fi yan iṣẹ́ náà. Òṣèré kan lè ṣe bí aláìsàn tí inú ń bí, kí wọ́n lè wo bí ẹ ó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Oxford fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òun dà bíi kíláàsì kékeré. Wọ́n fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń ronú nígbà tí ohun tuntun bá dé síwájú yín. Ẹni tó ní, “N kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n wò ó báyìí ná,” ti ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó há ìdáhùn sórí yóò kà á jáde, yálà wọ́n bi í tàbí wọn kò bi í.

Báwo la ṣe ń múra? Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀. Ọmọ á dáhùn, á kùnà, á tún dáhùn, á sọ ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa nà án. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ń kà: ẹ máa sọ èrò yín jáde bó ṣe ń wá. Ẹ mú ìròyìn kan nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Abbey Wood, kí ọ̀rẹ́ yín máa ta kò yín títí ẹ ó fi dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ẹ bi àwọn àǹtí wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí aláìsàn bá kọ oògùn. Ìmọ̀ tí àwọn mìíràn ń wá kiri wà nínú pálọ̀ yín. Oxford náà fi àpẹẹrẹ ìbéèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, ẹ sọ fún gbogbo ilé ṣáájú. A mọ ilé wa: àbúrò ń sunkún, blẹ́ńdà ń lọ ata, dádì ń pariwo sórí fóònù bí ẹni pé kí Èkó gbọ́ láìlo fóònù. Bí kò bá sí ibi tó parọ́rọ́, ẹ béèrè yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ yín.

Ẹ̀yin òbí wa, tótó, ó ṣe bí òwe: ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹ ti kọ́ wa láti gbọ́; ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa láti sọ. Ẹ fún ọmọ yín ní ìdajì wákàtí lọ́jọ́ Àìkú kó fi bá yín jiyàn. Dípò “panu mọ́,” ẹ ní, “Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ òru kí a lè dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ ìdákẹ́ ni yóò dá wa padà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò wa, bí ẹ bá wọlé, ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ rò, ẹ wò wọ́n lójú, kí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé náà nìyẹn.