Ẹnìkan Ló Ń Sanwó Ọ̀fẹ́

Ní Bàrígà, ní Èkó, ẹgbẹ́ Footprints of David ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ijó, ìlù àti eré ìtàgé. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ìrànwọ́, ìlù àti aṣọ ijó ni ọ̀pọ̀ ọlọ́rẹ fẹ́ rà. Ta ni yóò san owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ olùkọ́ àti ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú? Ẹ̀yin tó ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, títí kan wákàtí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Bí ìnáwó oṣù kan bá jẹ́ ₦300,000 fún ọmọ 60, ₦5,000 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ fún ọlọ́rẹ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere; ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ wọ̀nyí, kó bá wọn ra epo.