Kí A Tó Tún Ra Bátìrì Míì Sínú Ọkọ̀ Ẹja

 

Ọ̀rọ̀ òní kan àwa ẹlẹ́ja, pàápàá àwa tí a máa ń dá owó jọ ra ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì fún àwọn apẹja kí wọ́n lè máa kó ẹja wá fún wa. Tòkunbọ̀ la sábà máa ń rà, torí owó tuntun kò ṣe é gbé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná inú ọkọ̀ yìí ń jẹ wá lówó jù, àìmọ̀ wa sì wà lára ohun tó fà á.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe àwa mẹ́fà kan. Ẹ́ńjìnnì wa kò dáhùn láàárọ̀, a pe rẹwáyà. Ó ní bátìrì ti kú, a ra òmíràn. Kò pé oṣù méjì, ó tún dákẹ́, a tún ra bátìrì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ìyá, ẹ́ńjìnnì yín ti lọ." Ọlọ́run ló ní ká pe ẹlòmíì. Onítọ̀hún tú wáyà dúdú tó ti orí bátìrì lọ sára ẹ́ńjìnnì, ó la rọ́bà ẹ̀. Bàbà inú ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé! Omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Wáyà kan ṣoṣo la pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Èrò wa ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sanwó ohun tuntun mọ́, àfi tí wọ́n bá fi ibi tó bàjẹ́ hàn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò ó báyìí:

Àkọ́kọ́, kí jíà wà ní fírì, kí okùn pupa tí awakọ̀ máa ń fi kọ́ ọwọ́ sì wà ní àyè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, orí bátìrì. Bí ó bá mì tàbí tó dípata, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n dè é le, kí wọ́n wá fi faselíìnì pa á. Wáyà dúdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí wọ́n dá padà kẹ́yìn.

Ìkẹta, mítà. Bátìrì 12 volt tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Bí ó bá wà ní 12 tàbí kó rẹlẹ̀, ebi ló ń pa á, ó lè má tíì kú. Ẹ ṣáàjì ẹ̀ ná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bíi 14. Bí kò bá gòkè, ṣáàjì kò dé ibẹ̀ nìyẹn, bátìrì tuntun náà á tún kú.

Ìkẹrin, fíúsì. Bí fíúsì bá jó, nǹkan ló jó o. Ẹ má gbà kí wọ́n fi wáyà lásán dì í. Pẹtiróòlù wà nínú ọkọ̀ yẹn, àwọn ọmọ wa sì wà nínú ẹ̀. Bí iná bá sọ láàárín ọ̀sà lóru, ibo ni wọ́n á sá sí?

A kò ní gbogbo rẹwáyà burú o. Àmọ́ wáyà ilé ni àwọn míì ń fà sínú ọkọ̀. Wáyà ọkọ̀ omi gan-an, bàbà inú ẹ̀ máa ń funfun bíi fàdákà, iyọ̀ kì í tètè jẹ ẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló kan obìnrin kan wáyà. Owó ta ni? Ta ló ń san gbèsè bí ọkọ̀ bá dúró?

Ẹ jẹ́ ká dáwó ra mítà kan, kí akápò máa tọ́jú ẹ̀. Kò tó owó bátìrì kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọjà á tà o.