Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Tí A Kò Rí?

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ìjọba Tógò bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànwọ́ tí a ń pè ní Novissi. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ìrànwọ́ náà yóò tẹ *855# lórí fóònù rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá yẹ lẹ́ni tí a lè ràn lọ́wọ́, owó yóò wọlé sórí T-Money tàbí Flooz rẹ̀. Ní agbègbè Lomé ní ọdún 2020, obìnrin ń gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin sì ń gba 10,500.

Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Kọ̀ǹpútà ètò náà wádìí nínú àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò, ó sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ fóònù. Ilẹ̀kùn kan wà tí àwọn kọ̀ǹpútà máa ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. API ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Ojú wa kò rí i. Síbẹ̀, bí owó bá kúrò ní báńkì bọ́ sórí fóònù àgbẹ̀ kan ní Anié, irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni ó gbà kọjá.

Ìbéèrè méjì ni ilẹ̀kùn tí ó dára gbọ́dọ̀ bi ẹni tí ó bá kàn án. Èkíní: ta ni ìwọ? Èkejì: ṣé tìrẹ ni ohun tí o fẹ́ mú? Bí a bá gbàgbé èkejì, ó dà bí olùṣọ́ àká tí ó mọ̀ pé àgbẹ̀ ni ọ́, tí ó sì jẹ́ kí o gbé àpò àgbàdo ẹlòmíràn lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a jí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù 9 ní ilé iṣẹ́ fóònù Optus ní Ọsirélíà. Àjọ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ fóònù níbẹ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ pé àṣìṣe ti wà lára irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2018. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà rí àṣìṣe náà ní ibì kan, ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò rí irú rẹ̀ ní ibòmíràn tí a kò lò mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Nítòsí wa, ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2024 pé ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ìlú ní 100 náírà péré. Àjọ NIMC, tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, sọ pé kò sí ẹni tí ó já wọ ibi ìpamọ́ òun. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan kù: àwọn ilé iṣẹ́ tí a fún ní àṣẹ láti wádìí nínú àkọsílẹ̀, ta ni ń ka iye ìgbà tí wọ́n wọlé, àti ohun tí wọ́n mú jáde?

A máa ń gbà wá níyànjú pé kí a má fi nọ́ńbà àṣírí wa han ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa àṣírí rẹ̀ mọ́ dáadáa lè pàdánù nítorí ilẹ̀kùn tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà káàdì ìdìbò kì í ṣe àṣírí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí káàdì náà lè kà á. Nítorí náà, òun nìkan kò tó láti jẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Tógò ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Òfin náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí a sì tún un ṣe bí kò bá tọ̀nà. Àjọ IPDCP ni a gbé kalẹ̀ láti bójú tó o. Ẹ jẹ́ kí a lo ẹ̀tọ́ náà. Kí àwọn tí ń kọ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyí pẹ̀lú béèrè ìbéèrè méjèèjì nígbà gbogbo, kí wọ́n ka iye àwọn tí ń wọlé, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àtijọ́ pa. Ohun ìní wa ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.