Tọkọtaya Tuntun, Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Ṣe Ilé Yín Lọ́ṣọ̀ọ́

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ọdún yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí ìgbéyàwó. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn lórí sùúrù àti ìfẹ́ ni wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ìyẹn tó. Ọ̀rọ̀ ẹrù tí a ń kó sínú ilé ọkọ àti ìyàwó tuntun ni mo fẹ́ sọ. Bí ó bá ta ẹnikẹ́ni lára, kí ó foríjì mí.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́dún 2024, àkọ́bí mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó. Òun àti ọkọ rẹ̀ gba yàrá méjì ní Sabon Tasha. Kò sí àga onítìmùtìmù níbẹ̀. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àpótí ìjókòó mẹ́rin tí ọkọ fi pákó kàn fúnra rẹ̀. Àdìrẹ tí ìyàwó pa láró fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnì. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kun ògiri kan, wọ́n sì gbé ère onílù kékeré kan kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ kí wọn, ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹrù yín kò tíì dé ni?" Ẹnì kejì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n kìlọ̀ fún wọn, pé ère yẹn lè fa ẹ̀míkẹ́mìí wọlé. Ẹnì kẹta ní, "Bàbá Ìyàwó, ẹ bá àwọn ọmọ yìí wá owó yá, ojú ń tì wá." Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Èsì mi nìyí.

Èmi náà ti yáwó rí. Lọ́dún 1998 tí mo gbéyàwó, òṣìṣẹ́ kékeré ni mí. Mo lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, mo yá owó tí wọn yóò máa yọ nínú owó oṣù mi fún ọdún mẹ́ta. Mo fi ra àga, mo ra tábìlì onígíláàsì, mo ra rúùmù dìfáídà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, mo tún ra òdòdó oníke lé e. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí ìyàwó mi, aláró sì ni ìyá rẹ̀. Ó mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan dání wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ìyẹ́ adìẹ ya nígbà tó wà ní ọmọge. Ó ta á sí fèrèsé pálọ̀. Mo ní kí ó ká a kúrò, pé kò bá àga mu. Kò bá mi jiyàn. Ó lọ ta á sí yàrá.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà kò nílò kí n ròyìn rẹ̀. Tudun Wada ni à ń gbé. Bí a ti ń sá jáde, ìyàwó mi fa àdìrẹ yẹn já lójú fèrèsé, ó fi pọn ọmọ, a sì sá lọ sí bárékè sójà. Òun ni a tẹ́, òun ni a dà bo ọmọ ní gbogbo òru tí a lò níbẹ̀. Nígbà tí a padà, eérú ni a bá. Gbèsè alájẹṣẹ́kù ṣì kù ní ọdún kan gbáko, wọ́n sì yọ ọ́ tán pátápátá. Mo ń san owó àga tó ti di eérú. N kò sọ èyí láti tú egbò ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ni mo ti ka ohun tí mo ń wí. Àdìrẹ náà ń bẹ lára ògiri yàrá ọmọ mi lónìí.

Nítorí náà, mo bi yín: ta ni a ń ra àga ńlá wọ̀nyí fún? Àlejò yóò jókòó fún wákàtí kan, yóò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, yóò lọ. Tọkọtaya ni yóò san gbèsè. Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n tún ní, ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ bá lówó lọ́wọ́, ẹ ra àga. Orúnkún àwa àgbà náà ń fẹ́ ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kí a máa ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó sínú gbèsè nítorí kí ojú má baà ti àwa, ìwà ìkà ni.

Ní ti ẹni tó ń bẹ̀rù ère, ẹ jẹ́ kí n rán an létí ohun tó wà nítòsí wa. Ní Zaria níbí ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1958, tí wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ kọ́ ti òyìnbó kí ó sọ tirẹ̀ nù. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó ṣe gíláàsì aláwọ̀ mèremère sí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kú lọ́dún 2021. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kú lọ́dún 2009, Mùsùlùmí ni òun náà. Ó gbẹ́ igi fún ààfin, ó gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn kò yẹ̀. Igi tí a kò bọ, ọ̀ṣọ́ ni. Àbí agogo oníke tí wọ́n ya ojú ẹni tó ṣe ọjọ́ ìbí sí, tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀ yín, òun kì í ṣe àwòrán?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ. Ọmọ tí a bí sí Kakuri tàbí Kawo, Hausa ló ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé ìwé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, kí ni yóò rí tí yóò sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni òun? Àdìrẹ Ìbàdàndùn tí mo ń sọ yìí, wọ́n ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 sínú rẹ̀. Bí ọmọ bá bèèrè pé, "Mọ́mì, kí ni àwọn òpó yìí?", ìtàn Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òdòdó oníke kò ní ìtàn kankan.

N kò sì ní kí ilé yín jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Kòtò aró Kofar Mata ní Kánò ń bẹ. Ìkòkò àwọn obìnrin Gwari ń bẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn owó ogún náírà wa, Ladi Kwali amọ̀kòkò ló wà níbẹ̀. Ẹ ra ti aládùúgbò yín mọ́ tiyín.

Ẹlòmíràn yóò ní àdìrẹ gidi wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ ra aṣọ funfun olówùú. Ẹ se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya ohun tó wù yín, ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, ẹ rì í sínú aró léraléra, kí ẹ tó ha ẹ̀kọ náà kúrò. Bí ìkínní bá wọ́, ẹ fi ṣe aṣọ ìnutábìlì. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó kan ìṣó tàbí kun ọ̀dà. Ọmọ mi sọ fún mi pé àwọ̀ ògiri yẹn ni ìjà àkọ́kọ́ tí òun àti ọkọ òun jà. Ọkọ fẹ́ funfun, ìyàwó fẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ sọ fún mi, ta ni ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àga àwìn?

Mo ní àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Èkínní, bí a bá ń lọ síbi ìgbéyàwó, kí a dín abọ́ oníke kù, kí a dá owó jọ ra aṣọ funfun, aró, pákó tàbí ọ̀dà fún tọkọtaya. Èkejì, àwọn ìyá wa tó mọ aró, tó mọ igbá fínfín, tó mọ ẹní híhun ṣì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Sátidé kan lóṣù, kí wọ́n tó kó o lọ sọ́run. Ẹ̀kẹta, bí a bá lọ kí tọkọtaya tuntun, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè àga mọ́. Kí a bèèrè pé, "Èwo lẹ fọwọ́ ara yín ṣe?"

Ní tèmi, mo ti bẹ ìyàwó mi. Mo ní kí ó ya òmíràn fún fèrèsé pálọ̀ wa. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ra aṣọ funfun wá. Mo ti rà á.

Ilé wa kò ní dahoro, àjò yóò tù wá lára o.