Owó Àṣìsan: Ta Ló Ni Ín, Báwo La Ṣe Ń Gbà Á Padà?

Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Akápò tó mọ ìṣirò bí ẹní mowó lè san àjẹmọ́nú kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè fi òdo kan lé owó oṣù. Fóònù òṣìṣẹ́ á dún, owó á wọlé. Kí akápò tó mọ̀ pé òun ti ṣì í san, owó ọ̀hún ti di owó ilé-ìwé ọmọ.

Àwọn kan ní kí òṣìṣẹ́ jẹ owó náà gbé, pé ẹni tó ṣì í san ni kó fara mọ́ ọn. Èmi ò gbà. Ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún, tí ẹni tó ni ín kò sì fi ta wá lọ́rẹ, gbèsè ni. Ẹni tó rí i pé owó òun lé, tó sì dákẹ́, mọ̀ pé òógùn òun kọ́.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òṣìṣẹ́ kọ́ ló ṣe ìṣirò. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà rí èyí ní abala 5 rẹ̀. Ó gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó àṣìsan nínú owó oṣù, àmọ́ kìkì èyí tó san láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tí àṣìṣe náà hàn. Gbogbo ohun tí yóò sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù láti 2024, kò sẹ́ni tó lè yọ ju ₦23,333 lọ nínú rẹ̀. Bí àṣìsan bá jẹ́ ₦60,000, oṣù mẹ́ta ni yóò gbà, ó kéré tán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: ọ̀gá tó gba gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má retí pé ẹni tí kò rówó wọkọ̀ yóò wá síbi iṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yìí dáàbò bò. Alákòóso àti onímọ̀ iṣẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi ẹni tó ṣì í san lè dí i lọ́wọ́ láti gbà á padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ Avon pe olùkọ́ kan lẹ́jọ́ torí owó tó lé ní £1,000 tí wọ́n ṣì san fún un nígbà tí ìpalára dá a dúró nílé. Olùkọ́ náà ti fi ọkàn mímọ́ ná ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìjọba náà ló mú un gbàgbọ́ pé tirẹ̀ ni, nítorí náà wọn kò lè gba kọ́bọ̀ padà.

Òṣìṣẹ́, bí owó bá lé, sọ ọ́ kí o tó ná an. Agbanisíṣẹ́, kọ ìwé sí òṣìṣẹ́ rẹ, fi ìṣirò hàn án, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí iye tí yóò máa san lóṣooṣù, kí o tó fọwọ́ kan owó rẹ̀.