Ẹ Jẹ́ Ká Ra Graphics Card Náà Báyìí

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ká má tíì ra graphics card sí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, pé tí tuntun bá jáde, owó ti àtijọ́ á wálẹ̀.

Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní dọ́là. Ẹ wo RTX 3060. Nígbà tó jáde lọ́dún 2021, dọ́là 329 ni wọ́n dá lé e. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní báńkì, iye yẹn ò ju nǹkan bíi 151,000 náírà lọ. Ní February 2024, dọ́là kan ti lé ní 1,500. Kódà ká ní káàdì yẹn wálẹ̀ dé ìdajì lókè òkun, ẹni tó dúró ṣì máa san nǹkan bíi 247,000. Kí ló wá jèrè?

Mi ò ní ká ra RTX 3060 o, owó wa dà? Watt 170 ló ń jẹ, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa á sì máa sunkún. Tòkunbọ̀ GTX 1050 Ti tó wa láti gé fídíò inter-house sports. Watt 75 péré ni. Ṣùgbọ́n ká dán an wò lójú ẹni tó ń tà á kó tó gbowó.

Náírà lè gbérí lóòótọ́. Àmọ́ àwa SS3 ń lọ, fídíò ọdún yìí ò sì tíì jáde.