Nílé Ta Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ wo orúkọ yìí: NLÉ. “Nílé” ni ó ń sọ. Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ni ó fi sọ ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2010. (Orúkọ òun fúnra rẹ̀ náà, ilé wà nínú rẹ̀.)

Mo fẹ́ràn orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé a máa fi orúkọ ara wọn pe ilé-iṣẹ́ wọn. Eléyìí sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun wà nílé, ó yẹ kí a bi í pé: nílé ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Makoko, létí ọ̀sà Èkó. Àwọn Ègùn apẹja pọ̀ níbẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́lé sí, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń rìn. Ní 2013, NLÉ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó léfòó síbẹ̀. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, alájà mẹ́ta ni, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Àgbá ike 256 ni ó gbé e dúró. Bí omi bá kún, ilé á gòkè. Bí omi bá fà, á sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, àwòrán rẹ̀ sì kárí ayé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Fàdákà ní Venice. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tí òjò ńlá fi wó ti Makoko. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé àwòṣe ni, àti pé àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó wó. Mo gbà, àwòṣe lè wó. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí Bruges, sí Chengdu àti sí Mindelo, ṣùgbọ́n ti Makoko kò dìde mọ́.

Òótọ́ ni pé ìjọba Èkó kò fojú rere wo àdúgbò náà. Wọ́n wó ilé púpọ̀ níbẹ̀ ní 2012. Síbẹ̀, ìtọ́jú ni mo fi ń mọ ẹni tí a kọ́lé fún. Ta ni yóò pààrọ̀ igi tí omi bá jẹ? Owó rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ya àwòrán ilé ni ó yẹ kí wọ́n ti dáhùn èyí. Àwọn apẹja Makoko mọ bí a ṣe ń tọ́jú ilé orí omi, wọ́n sì lè kọ́ ayàwòrán ilé. Ẹ kíyè sí i: “kọ́” yìí àti “kọ́” inú “kọ́lé,” ohùn kan náà ni wọ́n ní.